Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹfà: Ọ̀rọ̀ Ilé-Ìwé Ọmọ fún Ará Wa Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Onitsha

Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orí afárá Odò Ọya kọjá láti Asaba, tí ẹ di ẹrù yín wọ Onitsha, yálà òwò ni ó gbé yín dé ni o, tàbí iṣẹ́ ìjọba, tàbí iṣẹ́ báńkì, n kò ní fi ọ̀rọ̀ ilé gbígbà dá yín dúró, n kò sì ní kọ́ yín bí a ti ń ná ọjà ní Main Market, nítorí ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ òṣómàáló kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ìnájà, ẹni tí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjà náà fúnra rẹ̀ yóò kọ́ ọ kí oṣù tó yí po. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń jẹ mí lọ́kàn, òun náà ni ọ̀rọ̀ ilé-ìwé girama tí ẹ óò fi ọmọ yín sí. Mo ti rí àwọn ará wa tí wọ́n gbọ́n nínú ohun gbogbo mìíràn, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ju owó wọn àti ọjọ́ orí ọmọ wọn sínú kòtò kan náà, kìkì nítorí pé wọn kò béèrè iye ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan àti ibi tí àwọn ọmọ náà ti wá.

Ẹ má ṣe rò pé àlejò pátápátá ni a jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní ìlú yìí. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní kékeré tí ó sì padà di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ni ó gúnlẹ̀ sí èbúté Onitsha ní 1857, òun àti John Christopher Taylor, ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò ṣùgbọ́n tí a bí ní Sàró. Àwọn ni wọ́n fi ìdí ìjọ CMS kalẹ̀ níhìn-ín, tí ilé-ìwé sì tẹ̀ lé e. Ọwọ́ Yorùbá wà nínú ìpìlẹ̀ náà, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ rán wa létí. Ṣùgbọ́n àlejò ní ojú, kò fi ríran, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan wà tí a jọ ń ṣe ìpàdé ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, aṣọ ni ó ń tà ní Ochanja, kò sì sí oníjìbìtì tí ó lè rí i gbé ṣe lójú ọjà. Nígbà tí iṣẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ dé ìhín, wọ́n mú àkọ́bí wọn ọkùnrin wá lẹ́yìn tí ó ti ka SS1 tán nílé. Àwọn ilé-ìwé tí òkìkí wọn ti kàn láti ayé àwọn baba wa, bíi Dennis Memorial Grammar School tí àwọn CMS dá sílẹ̀ ní 1925 àti Christ the King College tí àwọn Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1933, wu ìyá náà dé góńgó, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè. Ni ẹnìkan bá sọ fún un pé ilé-ìwé kékeré kan wà ní abúlé kan ní ìhà odò Omambala, tí ó fara pa mọ́ sáàárín oko iṣu àti oko ẹ̀gẹ́, tí kò sí ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá níbẹ̀, tí ó sì ń gba irú ọmọ tí àwọn ilé-ìwé ńlá kì í fẹ́ gbà: ọmọ tí ó ti dàgbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ọmọ tí ó fi ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ òwò tí ọkàn rẹ̀ sì tún padà sí ìwé, ọmọ tí a ti lé kúrò níbòmíràn.

Ìyá náà lọ wò ó. Ọ̀gá ilé-ìwé yẹ́ ẹ sí, ó fún un ní àga, ó fún un ní omi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gba ọkàn rẹ̀ pátápátá ni pé bí ó ti ń gba iwájú kíláàsì SS3 kọjá, ó gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sọ Yorùbá, èdè Ìbàdàn gidi, tí ẹnìkan sì ń dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní ohùn Ìjẹ̀bú. Orí rẹ̀ wú. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà pé Ọlọ́run ti bá àwọn ṣe é, ọmọ àwọn kò ní dá wà. Ní ọ̀la rẹ̀ ni ó san owó.

Ẹ̀yin ará mi, ohùn tí ó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ yẹn gan-an ni ó yẹ kí ó já a láyà. Kí ni ọmọ Ìbàdàn ń wá nínú oko iṣu ní ìhà Omambala ní ọdún tí ó kẹ́yìn ilé-ìwé rẹ̀, nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn? Nígbà tí mo bá ìyá náà dé ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo gba iwájú kíláàsì gbogbo kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. JSS1 ní ọmọ díẹ̀, ọmọ abúlé náà ni gbogbo wọn. A lè fi ìka ọwọ́ méjèèjì ka àwọn ọmọ SS1 kí ìka sì tún ṣẹ́ kù. SS2, níbi tí ọmọ tiwa wà, kò kún àga mẹ́rin. Ṣùgbọ́n SS3 kún gbọ̀ngán kan dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti Èkó wá, wọ́n ti Warri wá, wọ́n ti Port Harcourt wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ní irùngbọ̀n lágbọ̀n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eje lọ. Ibi tí ayé ń pè ní mírákù sẹ́ńtà ni, ibi tí a ti ń ra èsì ìdánwò, tí ọmọ yóò forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tí ó ti ń jókòó níbẹ̀ láti SS1, tí a óò sì kọ ìdáhùn sí ojú pátákó fún un lọ́jọ́ ìdánwò.

Nísinsìnyí, kí ẹ má baà sá fún gbogbo ilé-ìwé kékeré, ẹ jẹ́ kí n sọ bí èyí tí ó jẹ́ olóòótọ́ ṣe ń rí. Ilé-ìwé abúlé ní ìpínlẹ̀ yìí dà bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò: ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní JSS1, ó sì ń tín-ín-rín bọ̀ títí dé SS3. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní Ogbaru àti ní Anambra West, omi Odò Ọya a máa bo ilé-ìwé mọ́lẹ̀, bí ó ti ṣe ní 2012 tí ó sì tún ṣe ní 2022, tí ìdílé yóò fi kó lọ tí ọmọ mìíràn kò sì ní padà wá mọ́. Àwọn apẹja pẹ̀lú a máa ṣí kiri, nítorí náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣe fi àwọn ọmọ wọn sí abẹ́ àbójútó àjọ ètò ẹ̀kọ́ fún àwọn darandaran tí a dá sílẹ̀ ní 1989. Èyí tí ó sì tóbi jù ni pé ọjà ń pe àwọn ọmọkùnrin. Bí ẹ bá dé kíláàsì òkè tí ẹ bá rí i pé obìnrin ju ọkùnrin lọ dáadáa, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí èrú níbẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ti lọ bá ọ̀gá wọn ní Main Market, ní Nnewi, tàbí ní Aláàbà Èkó.

Mo fẹ́ràn àṣà kíkọ́ òwò lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí ju bí mo ti lè sọ lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí ni yóò sanwó fún ọ̀gá kí ó tó kọ́ ọmọ níṣẹ́, òbí kan náà ni yóò tún ra ọtí àti ẹran lọ́jọ́ tí ọmọ bá gba fírídọ̀ọ̀mù, lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, tí yóò sì máa wò ó bí ó ti ń wá owó irinṣẹ́ kiri. Níhìn-ín, ọ̀gá ni yóò bọ́ ọmọ, tí yóò fún un nílé, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tàbí mẹ́jọ yóò sì fún un ní owó tí yóò fi dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀bùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí àwọn ọmọkùnrin tiyín náà, nítorí bí ẹgbẹ́ wọn bá ń ka owó ní àṣálẹ́, ìwé a máa di kíkorò lẹ́nu ẹni tí ó ń kà á.

Kí ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ owó tàn yín lọ sí abúlé. Àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn a máa fi January 1955 yangàn, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́; Ìlà Oòrùn náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1957, owó kò ká a, wọ́n dá owó ilé-ìwé padà ní 1958, àwọn obìnrin sì tú jáde sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú wọn hàn. Ìyẹn ti di ìtàn. Gómìnà Soludo ti sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé ìjọba láti ọdún 2023, ó sì mú un dé SS3 ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Èyí tí ó ń da àlejò láàmú ni pé ilé-ìwé tí orúkọ ẹni mímọ́ wà lára rẹ̀ lè jẹ́ ti ìjọba, ó sì lè jẹ́ ti ìjọ, nítorí lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1970, ìjọba gba gbogbo wọn, nígbà tí Peter Obi jẹ́ gómìnà ni a sì tó dá ọ̀pọ̀ padà fún àwọn ìjọ. Ẹ béèrè ẹni tí ó ni ín kí ẹ tó béèrè owó.

Ẹni tí ó bá ní ọmọbìnrin tí ó ń lọ sí JSS1, tí ó sì ń wo Federal Government Girls' College tí ó wà nínú ìlú yìí, kí ó rántí pé ìpínlẹ̀ bàbá ni a fi ń ka ọmọ, ibi tí ó ń gbé kọ́ rárá. Nínú òǹkà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2013, ọmọ Anambra ní láti gba máàkì 139, ọmọ Ọ̀ṣun tàbí Ọ̀yọ́ 127, ọmọkùnrin Yobe sì ní láti gba 2 péré. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú títí di òní, nítorí ọmọ méjì tí ó jókòó lórí àga kan náà ni a ń fi òṣùwọ̀n méjì wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé ìwé ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀ yín sílé.

Ní ti ọmọ ìyá Ìlá, ó ka SS2 nínú kíláàsì tí kò kún àga mẹ́rin yẹn, ó wọ SS3 pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ àwọn àjòjì, ó sì jókòó ìdánwò WAEC láàárín wọn. Ọmọ náà mọ̀wé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìdáhùn tirẹ̀, bí ó ti sọ, mo sì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí èsì dé, WAEC dá ti gbogbo gbọ̀ngán náà dúró, lẹ́yìn náà ni wọ́n fagi lé e. Kò sí bí a ti ṣe lè ya àlìkámà sọ́tọ̀ nígbà tí ìwé ìdáhùn gbogbo wọn bá jọra. Ní ọdún 2024 nìkan, ẹni 215,267 ni WAEC dá èsì wọn dúró ní Nàìjíríà. Òfin sì ti wà láti 1999 tí ó lè rán ẹni tí ó bá ṣe èrú nínú ìdánwò lọ sí ẹ̀wọ̀n. Máàkì JAMB tí ọmọ náà ti gbà ṣòfò. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni ó padà lọ, láàárín àwọn baba ọlọ́mọ àti àwọn ìyá ọlọ́jà, kí ó tó jókòó ìdánwò GCE ti òpin ọdún, èyí tí ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ fún láìgba ọwọ́ ilé-ìwé kankan, ó sì yege. Ọ̀nà yìí ṣí sílẹ̀ fún ọmọ yòówù tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti kọjá ti ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ wo ilé-ìwé, ẹ lọ nígbà tí sáà àkọ́kọ́ bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí àwọn ọmọ ti dúró tán. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí rẹ́jísítà SS1, SS2 àti SS3 ti ọdún yìí àti ti èṣí, kí ẹ sì wò ó bóyá àwọn orúkọ tí ó wà ní SS2 èṣí ni ó wà ní SS3 ọdún yìí. Ọ̀gá tí kò ní ohun tí ó ń fi pa mọ́ yóò gbé e síwájú yín. Ẹ má ṣe lọ ní ọjọ́ Ajé, nítorí láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 tí àwọn ajìjàgbara ti pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé ní ọjọ́ náà, àìmọye kíláàsì ni ó ti ń ṣófo, ẹ kò sì ní mọ èyí tí ó ṣófo nítorí ìbẹ̀rù àti èyí tí kò ní ọmọ rárá. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi ń san ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ajé padà. Àwọn mìíràn ń fi ọjọ́ Àbámẹ́ta san án. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dára fún ìbẹ̀wò, bí ó bá ti kọjá agogo mẹ́wàá, nígbà tí àwọn ọmọ tí ó ń rìn wá láti oko jíjìn ti dé.