Kíbọ́ọ̀dù Géèmù Lórí Kọ̀ǹpútà Mac: Bí Bọ́tìnnì Ṣe Lè Gbọ́ Tiwa

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún ilé tí ọmọ ti ní kíbọ́ọ̀dù géèmù tí wọ́n ṣe fún Windows, tí ẹ wá fẹ́ lò ó lórí kọ̀ǹpútà Mac. Iná rẹ̀ á tàn, lẹ́tà á máa jáde, ṣùgbọ́n Ctrl àti C kò ní ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀, @ náà lè di nǹkan mìíràn. Kíbọ́ọ̀dù yín kò bàjẹ́. Ẹ má tíì náwó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré nìkan. Orí kọ̀ǹpútà la ti ń kọ fọ́ọ̀mù iléèwé, ti ilé gbígbé àti ti físà. Ẹni tó ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù kì í rí ohun tó tẹ̀. Bí @ rẹ̀ bá ti di àmì mìíràn, tó sì tẹ̀ ẹ́ léraléra, wọ́n lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

1. Orúkọ yàtọ̀, ipò yàtọ̀

Àwọn bọ́tìnnì kan wà tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́: wọn kì í kọ lẹ́tà, àfi kí a tẹ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ òmíràn. Lápá òsì kíbọ́ọ̀dù Windows, a ní Ctrl, lẹ́yìn náà èyí tó ní àwòrán fèrèsé, lẹ́yìn náà Alt. Ti Mac ni Control, Option, Command. Apple ti ń lo àmì ⌘ fún Command láti ọdún 1984. Ọdún 1994 ni Microsoft mú bọ́tìnnì fèrèsé jáde.

Mac ka fèrèsé sí Command, ó ka Alt sí Option. Nítorí náà, fèrèsé pẹ̀lú C ló ń ṣe ẹ̀dà, fèrèsé pẹ̀lú V ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún Command pẹ̀lú Q: ó ń pa ètò tí ẹ ń lò lọ́wọ́ dé, fọ́ọ̀mù tí ẹ kò tíì fi pamọ́ sì lè bá a lọ.

2. Bí fèrèsé kò bá dáhùn rárá

Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù géèmù ní àgádágodo tó ń ti bọ́tìnnì fèrèsé pa, kí ọmọ má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ láàárín eré. Inú kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni àgádágodo náà wà, Mac kò lè ṣí i. Ẹ wá àwòrán àgádágodo tàbí ti géèmù lára bọ́tìnnì kan. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, Fn pẹ̀lú bọ́tìnnì náà ló ń ṣí i. Ìwé tó bá kíbọ́ọ̀dù wá á sọ tiyín. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú: àwọn kan ní ibi tí a ti ń yí i sí Mac.

3. Bí a ṣe ń pààrọ̀ wọn

Ẹ tẹ àwòrán ápù ní igun òsì lókè, ẹ yan System Settings, lẹ́yìn náà Keyboard, Keyboard Shortcuts, Modifier Keys. Lórí ètò Mac tó ṣáájú ọdún 2022, System Preferences lẹ máa rí.

Ẹ kọ́kọ́ yan orúkọ kíbọ́ọ̀dù géèmù náà lókè, nítorí Mac máa ń tọ́jú ètò kíbọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ipò bíi ti Mac, ẹ fi Command síwájú Option, kí ẹ fi Option síwájú Command. Bí ọwọ́ yín bá ti mọ́ Ctrl pẹ̀lú C láti ibi iṣẹ́, Control àti Command ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ tẹ Done. Ọ̀fẹ́ ni o, kò sí pé à ń sanwó fún ẹnikẹ́ni.

4. Ọ̀rọ̀ @

Èyí kan àwa tó wà ní Britain. Lórí kíbọ́ọ̀dù Windows tibẹ̀, Shift pẹ̀lú 2 ń kọ ", ṣùgbọ́n lórí ti Mac, @ ló ń kọ. Nínú Keyboard, ẹ lọ sí Input Sources, ẹ tẹ Edit, ẹ fi "British – PC" kún un, kí ẹ sì yàn án. Kí ẹ tó tẹ pásíwọ́ọ̀dù kankan, ẹ kọ @ síbi tí ẹ ti lè rí i ná.

5. Kíkọ orúkọ wa dáadáa

Ní ibẹ̀ kan náà, ẹ fi "ABC – Extended" kún un. Option pẹ̀lú x, kí ẹ wá tẹ o, á di ọ. S á di ṣ. Option pẹ̀lú e, kí ẹ wá tẹ a, á di á. Fún ọ́, ẹ kọ ọ ná, kí ẹ tó tẹ Option, Shift àti e pọ̀. Ẹ rántí pé bọ́tìnnì tí ẹ sọ di Option ní ẹ̀kọ́ kẹta ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá parí, ẹ padà sí "British – PC".

Iṣẹ́ ilé: kí òbí àti ọmọ jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ilé pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì kọ @ sí ìsàlẹ̀. Bí ọmọ bá mọ̀ ọ́n jù yín lọ, ẹ bi í. Abéèrè kì í ṣìnà.