ÀGBÀRÁ ÒJÒ ÀTI ÌKÚN-ODÒ: ÀBÁ LÓRÍ Ọ̀RỌ̀-ÌPERÍ FÚN ÌKÌLỌ̀ OJÚ-ỌJỌ́

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn atúmọ̀ èdè fi ń dúró fún ewu méjì tí kò jọra. Bí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ bá kìlọ̀ pé omi yóò kún, “omíyalé” ni a sábà máa ń kọ. Ọ̀rọ̀ náà dára, kò sì sí ará Ìbàdàn tí ó rántí ọṣẹ́ tí odò Ògùnpa ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí omi ṣe ni ó sọ. Kò sọ ibi tí omi ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú olókè àti àpáta ni. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí àpáta kì í rí ilẹ̀ wọ̀. Ńṣe ni ó ń sáré lọ sí àfonífojì, irú èyí tí odò Ṣókòrì ń gbà kọjá láàárín ìlú. Kí ènìyàn tó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ti di àgbàrá. Òjò ńlá irú èyí ni ó rọ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2018, tí ẹ̀mí fi ṣòfò.

Ewu kejì ti ọ̀dọ̀ odò Ògùn fúnra rẹ̀ wá. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú rẹ̀ kí ó tó dé Abẹ́òkúta, a sì sé Ọ̀yán ní ọdún 1983. Ìsédò náà lè gba nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù ó lé àádọ́rin (270,000,000) mítà onígun mẹ́ta omi. Bí ó bá fẹ́ kún jù ní ìparí òjò, àwọn alábòójútó rẹ̀ a tú omi sílẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀kán òjò kan lè má kán ní Làfẹ́nwá, kí odò sì máa wú, títí dé Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú, níbi tí omi ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní ọdún 2010.

Ẹni tí ó bá gbọ́ “omíyalé” a gbójú sókè. Bí ó bá rí oòrùn, a ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Nítorí náà ni a ṣe dábàá “àgbàrá òjò” fún ti àkọ́kọ́ àti “ìkún-odò” fún ti èkejì. Àgbàrá òjò ń béèrè pé kí ènìyàn sá gun òkè lójú ẹsẹ̀, kí ó má sì dá a láṣà láti la omi kọjá. Ìkún-odò máa ń fi àyè sílẹ̀ láti kó ẹrù.

Àmì ohùn kò ṣeé fojú di níhìn-ín. Bí a bá kọ “agbara” láìlámì, ta ni yóò mọ̀ bóyá okun ni tàbí omi? Ìdí nìyí tí “òjò” fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ó ku ti àwọ̀. Láti ọdún 2011 ni àjọ ojú-ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi àwọ̀ mẹ́ta pín ìkìlọ̀ rẹ̀, láti orí àwọ̀ ìyeyè títí dé àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Lójú Yorùbá, “pupa” fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo wọn. Bí a bá túmọ̀ àwọ̀ fún àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, a ó kàn da ọ̀rọ̀ rú ni. Ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù ṣe ni kí a túmọ̀: “ẹ wà lójúfò”, “ẹ múra sílẹ̀”, “ẹ kúrò níbẹ̀”, kí orúkọ àdúgbò àti wákàtí sì tẹ̀ lé e.