Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Wíwá Àléébù Inú Ọ̀rọ̀ Oníṣòwò

Àwọn tí ẹ̀kọ́ wà fún

Àwọn tó ń múra ìdánwò GMAT, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òwò fi ń ṣa akẹ́kọ̀ọ́. Láti ìparí ọdún 2023 tí wọ́n ti tún un ṣe, ìbéèrè 23 ló wà ní apá ọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n sì fún un. Kò tó ìṣẹ́jú méjì lórí ìbéèrè kan. Ẹni tó ń lọ ṣe LSAT ti àwọn amòfin náà lè jókòó tì wá. Irú ìbéèrè yìí pọ̀ níbẹ̀ ju tibí lọ.

Èròǹgbà

Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ya ẹ̀rí sọ́tọ̀ kúrò lára ìparí èrò, kí ó sì lè tọ́ka sí ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti gbà pé òótọ́ ni láìsọ ọ́ jáde.

Ẹ ka èyí

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan yí ọ̀rá tó fi ń di búrẹ́dì padà sí pupa ní oṣù kẹsàn-án. Lóṣù náà, ọjà rẹ̀ fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù kẹjọ lọ. Nítorí náà, bí ó bá yí ọ̀rá bískíìtì rẹ̀ náà sí pupa, bískíìtì yóò tà sí i.

Èwo ló dín agbára ọ̀rọ̀ yìí kù jù?

A. Ọ̀rá pupa wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
B. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì tó tóbi jù nílùú náà kógbá sílé ní ìparí oṣù kẹjọ.
D. Àwọn oníbàárà kan kò fẹ́ràn àwọ̀ pupa.

(Márùn-ún ni ìdáhùn máa ń jẹ́ nínú ìdánwò gan-an. Mẹ́ta tó wa lónìí.)

Àlàyé

Àwọn tó ti ń ṣòwò tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń yan A, torí owó ọ̀rá ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n èrè ni A ń sọ, ọjà títà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. D kò níṣẹ́ tó ń ṣe: "àwọn kan" lè jẹ́ ènìyàn méjì péré.

B ni ìdáhùn. Ẹ wò ó dáadáa: B kò sọ pé ìdá 30 náà irọ́ ni. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ìdí mìíràn hàn wá tí ọjà fi yá: àwọn tó ń ra búrẹ́dì níbòmíràn ló yà síbí. Ẹ má bá ẹ̀rí jà. Àárín ẹ̀rí àti ìparí èrò ni àléébù wà.

Àpẹẹrẹ tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, Coca-Cola gbé adùn tuntun jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pa ti àtijọ́ tì. Ẹ̀rí wọn kì í ṣe kékeré: nǹkan bí 200,000 ènìyàn ni wọ́n ti fún ní tọ́wò, èyí tó pọ̀ jù sì yan tuntun. Wọ́n wá parí èrò sí i pé bí tuntun bá rọ́pò àtijọ́, oníbàárà yóò yọ̀.

Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, ìpè tó ń wọlé sórí fóònù oníbàárà wọn ti kúrò ní 400 lójúmọ́, ó ti di 1,500. Lẹ́yìn ọjọ́ 79, wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Ta ló purọ́ nípa adùn? Kò sí. Ohun tí wọ́n gbà láìsọ ni pé adùn ẹnu nìkan ló ń mú ènìyàn ra Coke. Ìtọ́wò kò sì lè sọ bí yóò ti rí lára ẹni tí wọ́n bá gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí kò sọ iye. Ṣọ́ọ̀bù tó ta mẹ́rin dípò méjì ti sọ ọjà rẹ̀ di ìlọ́po méjì náà nìyẹn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní kí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ pè, kí wọ́n sọ rédíò tí wọ́n fẹ́ràn jù. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá dárúkọ rẹ̀. Ó wá ní kí àwọn onípolówó máa kówó bọ̀, torí òun ni gbogbo ìlú ń gbọ́ jù.

Ẹ kọ ohun tí ó gbà láìsọ, ní gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ òkodoro kan tí yóò dín agbára ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù láì fọwọ́ kan mẹ́jọ nínú mẹ́wàá yẹn. Inú ìwé ni kí ẹ kọ ọ́ sí. N kò ní gba ti ẹnu.