Ọkọ̀ Àbùlà: Ohun Tí Mo Kọ́ Lára Ọkọ̀ Tó Ń Mu Epo, Tó Tún Ń Gba Iná

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, Toyota Prius Prime ti ọdún 2017, tí wọ́n ti lò ní Amẹ́ríkà. Bó ṣe gbé e wọ ọgbà wa ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, ìwé atọ́nà ọkọ̀ náà ló kọ́kọ́ jù sí mi lọ́wọ́. "Ṣebí ìwé lò ń kà ní yunifásítì? Gbà, kà á fún mi." Mo ní ẹ̀kọ́ èdè ni mò ń kọ́, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní ìwé ni ìwé ń jẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta ni mo fẹ́ pín fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà tó ti jáde ní ẹ̀ka wa, nítorí àwọn nǹkan kan wà tí a kò mọ̀ nípa ọkọ̀ yìí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹ̀mí légbodò nílé wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀ka èdè la wà. Plug-in hybrid ni àwọn tó ṣe é ń pè é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, gbọ́ tí mò ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé epo àti iná ló jùmọ̀ ń gbé ọkọ̀ náà rìn. Ó ní, "Bíi gbẹ̀gìrì àti ewédú?" Láti ọjọ́ náà, Àbùlà ni orúkọ ọkọ̀ náà nílé wa. Mo ti wá orúkọ tó dára jù ú lọ títí, n kò rí. Bùlà ni kí a da ohun kan pọ̀ mọ́ òmíràn, ohun tí wọ́n sì ṣe sí ọkọ̀ yìí gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ àbùlà ni n ó máa pè é láti ibí lọ.

Àbùlà pín sí oríṣi méjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kò ní ibi tí a ti ń ki okùn iná bọ̀ ọ́. Irú rẹ̀ ni Prius àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Epo nìkan ni à ń rà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìwọ̀nba iná tó ń lò, láti ara ẹ́ńjìnnì àti láti ara búréèkì. Èkejì ni àbùlà olókùn bíi tiwa. Bátìrì tirẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì lè fi iná ilé kún un. Ilé iṣẹ́ BYD ní Ṣáínà gbé irú rẹ̀ jáde fún títà ní ọdún 2008, Chevrolet Volt sì tẹ̀lé e ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010. Èrò pé kí epo àti iná jọ gbé ọkọ̀ kan kì í ṣe tuntun rárá o. Ferdinand Porsche ti ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1900, kí wọ́n tó so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ rárá.

Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tiwa, ẹ́ńjìnnì epo 1.8 lítà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú mọ́tò iná méjì. Jíà kan ló so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀ ń yí ti àárín ká bí ayé ṣe ń yí oòrùn ká. Kò sí jíà kìíní, ìkejì, ìkẹta tí ọkọ̀ ń pààrọ̀. Kò sí sítátà, kò sí ọ́tánétọ̀, èyí tó mú kí mẹkáníìkì wa dorí kodò fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò iná ló ń jí ẹ́ńjìnnì, òun náà ló sì ń ṣe iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò kejì ló ń yí táyà. Bí ẹ bá tẹ búréèkì, mọ́tò kejì yìí a yí padà di jẹnẹrétọ̀, á máa da iná padà sínú bátìrì. Nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá, ẹ ó rí ọfà lójú dáṣíbọọ̀dù tó ń tọ́ka sí bátìrì. Lẹ́tà B tó wà níbi jíà, ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni: ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn kí búréèkì má baà gbóná jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti rò pé B dúró fún bátìrì, ó sì fi B wa ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ fún wa lẹ́rìn-ín. Ó tẹ bọ́tìnnì, kò gbọ́ ohùn kankan. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kú. Ó tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́rin kí n tó rí ojú ewé tó sọ pé ọ̀rọ̀ READY lójú dáṣíbọọ̀dù ni kí a máa wò. Bí READY bá ti jáde, ọkọ̀ ti ṣetán láti lọ, ìbáà dákẹ́ bí òkúta. Ẹ fi ọ̀rọ̀ READY yìí sọ́kàn, n ó padà sórí rẹ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ló wà láti wà á. Ní EV, iná nìkan ló ń lò títí bátìrì yóò fi lọ sílẹ̀. Ní HV, kọ̀ǹpútà ń da epo àti iná pọ̀ bó ṣe tọ́, iná tí ẹ ti rà pamọ́ kò sì ní tán. Gẹ́gẹ́ bí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wọn irú nǹkan báwọ̀nyí, bátìrì tó kún yóò gbé ọkọ̀ yìí lọ máìlì 25, ìyẹn kìlómítà 40. Láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀ kò pé kìlómítà mẹ́wàá. Nítorí náà, EV ni ti ìgboro àti ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, HV ni ti ọ̀nà Èkó.

Ọ̀rọ̀ okùn ló kọ́kọ́ fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Okùn tó bá ọkọ̀ wa láti Amẹ́ríkà ní orí pẹlẹbẹ tí kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. A pe oníná àdúgbò. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni: òun á gé orí ti Amẹ́ríkà, òun á fi orí elẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa sí i. Ó ti mú pílásì dání nígbà tí mo yí àpótí kékeré ara okùn náà padà, tí mo rí 120 V lára rẹ̀. Iná ilé wa, 230 ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná." Ó ní àti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi lòun ti ń ṣe iṣẹ́ iná. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò gbé okùn sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a mọ̀ nìyí. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè gba 240 fóòtì, ó tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀: ní 120, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ló ń gbà kí bátìrì tó kún, ní 240, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni. Okùn ni kò bá iná wa mu. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a ra okùn tí wọ́n kọ 240 V sí lára, tí orí tó ń wọ inú ọkọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní J1772, tó ní ihò márùn-ún. A rà á. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ yìí lè fa tó ámpù 14 fún wákàtí méjì láìsinmi, bẹ́ẹ̀ ámpù 13 ni wọ́n ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé fún. Bí ìgbà tí ẹnìkan ń lọ aṣọ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tí kò ní kú rárá ni. Nítorí náà, oníná kan náà, tí inú rẹ̀ ti yọ́ nígbà náà, fa wáyà tó nípọn láti ibi mítà wá, ó fún un ní súìṣì ààbò tirẹ̀, ó sì ri irin wáyà ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe fi ẹsitẹ́ńṣọ̀n fún un ní iná láé.

Wàyí o, owó ńkọ́? Yúníìtì tí à ń rà sí mítà ni n ó fi ṣírò. EPA sọ pé yúníìtì 25 ni ọkọ̀ yìí ń jẹ fún máìlì 100. Fún kìlómítà 40, yúníìtì mẹ́fà àti ìdá mẹ́rin kan nìyẹn. Tó bá jẹ́ epo ló ń lò, lítà kan ń gbé e lọ nǹkan bíi kìlómítà 23, kìlómítà 40 yóò sì gba lítà kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ká ní yúníìtì kan jẹ́ 210 náírà, kí lítà epo jẹ́ 900 náírà: iná á jẹ́ nǹkan bíi 1,310 náírà, epo á jẹ́ 1,575. Ìyàtọ̀ náà kò tó bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rò. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ tí kò rin ju kìlómítà mẹ́wàá lọ pẹ̀lú lítà kan: 3,600 náírà fún ìrìn kan náà. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó wà nínú bí wọ́n ṣe da epo àti iná pọ̀ ló ń tọ́jú owó wa jù, okùn wá ṣe ẹ̀kún rẹ̀. Ẹni tó bá ní sólà tó tó lórí òrùlé rẹ̀ nìkan ni ìṣirò yìí kò kàn.

Èyí tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ sórí ni ti jẹ́n. Ní ọjọ́ kan tí NẸ́PÀ mú iná lọ, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tan jẹ́n kí ọkọ̀ lè gba iná. Mo ní kó jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná. Jẹ́n kékeré tó ń mu bẹntiróòlù kì í sábà fún wa ju yúníìtì méjì lọ lórí lítà kan. Yúníìtì mẹ́fà àti ààbọ̀ ìdajì yóò jẹ epo tó lé ní lítà mẹ́ta. Bí a bá da lítà méjì péré sínú táǹkì ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, yóò rin kìlómítà 40, yóò tún ṣẹ́kù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Nítorí náà jẹ́n ni mo rà, mo wá fi táyà sí i?" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, jẹ́n tó sì dára ju ti ẹ̀yìnkùlé lọ ni.

Ọ̀rọ̀ jẹ́n yìí ló mú mi dé ibi tí mo ń lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi ti òde ìnáwó dé, àwọn ọmọ ti sùn lọ nínú ọkọ̀. Ó gbé jíà sí P, ó gbé ọmọ kan, èmi gbé èkejì, a wọlé. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì rẹ̀. Ọkọ̀ ké pìì, pìì, a rò pé torí ilẹ̀kùn ni. Kò tíì tẹ bọ́tìnnì tí à ń fi pa á. Ká ní ọkọ̀ epo lásán ni, ẹ́ńjìnnì ì bá máa dún, gbogbo wa ì bá mọ̀. Àbùlà dákẹ́ jẹ́ẹ́. READY ń tàn lójú rẹ̀, éésì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí ìjókòó òfìfo, iná bátìrì sì ń lọ sílẹ̀. Ní nǹkan bí aago kan òru, kọ̀ǹpútà jí ẹ́ńjìnnì láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí ọkọ̀ ló kọjú sí fèrèsé yàrá àwọn ọmọ.

Ohùn rẹ̀ ló jí mi. Mo sáré jáde, mo pa á, a kó àwọn ọmọ bọ́ síta, a sì ṣí gbogbo fèrèsé. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gáàsì tó ń jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ni ọ̀kan náà tó ń pa àwọn tó gbé jẹ́n sí kọ́rídọ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tó ti sùn kò ní mọ ìgbà tó dé. Láti ìgbà náà, imú ọkọ̀ la ń kọ sí ògiri, ìdí rẹ̀ ń kọjú sí géètì. Ẹni tó bá sì jókòó níwájú pẹ̀lú awakọ̀ gbọ́dọ̀ wo dáṣíbọọ̀dù pé ó ti ṣókùnkùn kó tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ di eré: "READY ti lọ?" "Ó ti lọ!"

Àwọn ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Wáyà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn, iná tó lé ní 350 fóòtì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kí mẹkáníìkì tàbí pánẹ́ẹ̀lì bítà tí kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ má ṣe fọwọ́ kàn án. Bátìrì kékeré 12 fóòtì ṣì wà, òun ló ń jí kọ̀ǹpútà. Bó bá kú, ọkọ̀ kò ní lọ, bí bátìrì ńlá tilẹ̀ kún dẹ́nu. Ihò kan wà lẹ́bàá ìjókòó ẹ̀yìn tí bátìrì ńlá fi ń mí, ẹ má ṣe di ẹrù bò ó, kí ẹ sì gbọn eruku rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà ń fẹ́ pípààrọ̀, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń sinmi lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ̀yin àgbà wa tó wà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ bá fẹ́ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ra okùn 240 V sínú búùtù rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ sì fi ìwé atọ́nà sí i. Okùn ti Amẹ́ríkà tiwa ṣì wà nínú búùtù, orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọn kò gé e.