Ẹ Tún Un Ṣírò Kí Ẹ Tó Gbé Ògiri

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́lé, inú mi ò dùn. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n ń yin ọ̀dọ́ bíríkìlà kan lójú mi n'Ìbàdàn pé ó mọṣẹ́ gan-an, torí pé orí fóònù ló ti dá iye owó ilé fún onílé. Ẹ lọ wo ilé náà: líńtẹ̀lì ló dúró sí, owó ti tán, koríko ti ń hù ní pálọ̀. Kí ni wọ́n ń yìn níbẹ̀?

N ò ní kọ́ yín ní kíka búlọ́ọ̀kù. Ẹ mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù onínáìn-ínṣì mẹ́wàá ni ògiri tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó ń gba. Ògiri ṣeé ṣírò sílẹ̀; ilẹ̀ ni kò ṣeé ṣírò tán láìgbẹ́ ẹ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ n'Ìbàdàn: igun kan á gba ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, igun kejì á gba mẹ́jọ kí wọ́n tó dọ́gba. Típà yẹ̀pẹ̀ mélòó ni yóò wá dí àárín rẹ̀? Nítorí náà, tí ẹ bá ti da jámánì fúlọ̀, ìyẹn kọnkéré tó bo ìpìlẹ̀, tán, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ tún un ṣírò.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká ju àpò síméńtì òfo nù. Mẹ́wàá-mẹ́wàá la ń dì wọ́n. Tí ìpìlẹ̀ bá parí, a ó kà wọ́n níṣojú onílé, a ó fi wọ́n wé ohun tó wà nínú ìwé. Ọ̀gá á wá ní, “Àlàájì, ilẹ̀ ti jẹ nínú owó òrùlé yín. Ṣé ká dín yàrá kan kù ni, àbí ẹ ó wá owó kún un?” Ojú Àlàájì á kọ́kọ́ le, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ á dé òrùlé. Àárò bàbá yẹn ń sọ mí.

Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ẹ̀yin padà lọ bá onílé. Ẹ ó wá dín síméńtì kù nínú kọnkéré, ẹ ó fi irin 10 rọ́pò irin 12 nínú dẹ́kìn. Owó tí ẹ dín bẹ́ẹ̀, orí ẹni tó ń sùn nínú ilé náà ló máa wó lé.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀ pé iye tí ẹ dá lónìí, ẹ ó tún un yẹ̀ wò lórí jámánì fúlọ̀. Onílé tó bá kọ̀, ẹ má gba iṣẹ́ rẹ̀.