Kí Ló Ń Jẹ Bátìrì Kọ̀ǹpútà Wa?

Ẹ ó rántí pé níbi ìpàdé tó kọjá, bí a ṣe ń ṣírò owó àjọ lọ́wọ́ ni kọ̀ǹpútà alágbèéká wa kú pii. Iná ò sí, epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Ọwọ́ la fi tún un kà títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan ní bátìrì ló gbó. Ṣùgbọ́n módẹ̀mù tí à ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti gba íntánẹ́ẹ̀tì ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, a ò sì fi ṣe nǹkan kan!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí ẹní ṣírò èrè. Bí wọ́n bá kọ 50Wh sára bátìrì, ó túmọ̀ sí pé ó lè gbé ohun tó ń jẹ iná wáàtì 10 fún wákàtí 5. Ojú ihò USB 2.0, èyí tó jáde lọ́dún 2000, lè fún módẹ̀mù ní wáàtì 2.5. Tí módẹ̀mù bá gbà á tán, wáàtì 10 di 12.5, wákàtí 5 sì di 4. Odidi wákàtí kan ti lọ nìyẹn.

Wi-Fi inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹun tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ó lè jẹ wáàtì 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí kò bá sí iṣẹ́, á máa tòògbé, á máa jí wò bóyá wọ́n pè é. Nítorí náà, ó sàn kí fóònù máa pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà. Àmọ́ bátìrì fóònù ló ń san gbèsè yẹn o! Ẹ gbé e sí tòsí. Bí ó bá jìnnà, tí páànù ṣọ́ọ̀bù dínà, ohun tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ ni wọ́n á tún máa fi ránṣẹ́, bí ẹni tó ń pe oníbàárà láàárín ariwo.

Ojú kọ̀ǹpútà náà ńkọ́? Òun gan-an máa ń jẹ ju Wi-Fi lọ. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù.

Bó bá jẹ́ àkáǹtì nìkan lẹ ń kọ, ẹ yọ módẹ̀mù, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì tó ní àwòrán ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sípàdé tó ń bọ̀, akọ̀wé á fi hàn án.