Pupa Alẹ́ Kì Í Ṣe Pupa Ọ̀sán

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí àwọ̀, àti bí àwọ̀ ṣe ń pò mọ́ ara wọn. Ẹnìkan lè wí pé, "Kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi àwọ̀ ṣe? Ṣé ọmọ ilé-ìwé ni wá ni?" Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí.

Nígbà kan, àwọn obìnrin kíláàsì wa ní Ìwéré-Ilé fẹ́ dá aṣọ òfì fún ọjọ́ tí wọn yóò gba ìwé-ẹ̀rí. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ní kí á tẹ̀lé àwọn lọ sí Ìṣẹ́yìn, nítorí ibẹ̀ ni ahunṣọ pọ̀ sí. Mọ́tò wa bàjẹ́ lọ́nà. Ilẹ̀ ti ṣú kí á tó dé, iná kò sì sí. Abẹ́ àtùpà ni a ti ra òwú pupa. Ti ẹni tí a kọ́kọ́ bá kò tó, a bá ra ìyókù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. A gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwa tí wọ́n ń pè ní tíṣà gan-an la kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tú òwú náà síta. Ọ̀kan pọ́n bí ata. Èkejì, elésè àlùkò ni! A gbé e padà, ẹni tó tà á ní ojú wa la fi yàn án, òun kò gbà á mọ́. Ìyá àgbà kan jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Owó èlùbọ́ rẹ̀ ló kó sílẹ̀. Ó bi wá pé, "Tíṣà, ṣé ojú wa ni kò ríran ni, àbí òwú yìí ló yí padà mọ́jú?"

Ojú wọn ríran dáadáa. Òwú kò sì yí padà. Iná ló yàtọ̀.

Ní ọdún 1672, ọkùnrin ará Ìlú Ọba kan, Isaac Newton, kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sọ bí òun ṣe mú kí yàrá kan ṣókùnkùn, tí òun lu ihò kékeré sára fèrèsé, tí òun sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó gba ihò náà wọlé kọjá nínú gíláàsì onígun mẹ́ta. Ìmọ́lẹ̀ funfun ló wọ inú gíláàsì, àwọ̀ òṣùmàrè ló jáde sára ògiri: pupa ní ìpẹ̀kun kan, ìyeyè àti àwọ̀ ewé láàárín, àwọ̀ aró àti elésè àlùkò ní ìpẹ̀kun kejì. Èyí fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tí à ń pè ní funfun, àwọ̀ púpọ̀ ló parapọ̀ nínú rẹ̀.

Aṣọ kò ní iná tirẹ̀. Bí oòrùn bá ràn sí aṣọ pupa, aṣọ náà a gbé àwọ̀ yòókù mì, a sì dá pupa padà sí ojú wa. Òwú elésè àlùkò ń dá méjì padà, pupa àti àwọ̀ aró. Iná àtùpà ńkọ́? Pupa àti ìyeyè ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọ̀ aró inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, òwú elésè àlùkò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àwọ̀ aró kankan dá padà. Pupa nìkan ló rí, ó sì bá pupa ẹnìkejì rẹ̀ mu rẹ́gí.

Ẹ jẹ́ kí á lọ sí ìdí ìkòkò aró wàyí. Ewé èlú ni àwọn aláró ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Aṣọ funfun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò náà a máa rí bí ewé. Bí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i ló ń di àwọ̀ aró. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dà bí ojú ọ̀run. Bí wọ́n bá ń rẹ ẹ́ lérè-léraléra, a máa ṣú títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Bí aró ti ń nípọn lára òwú, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì ń pọ̀ sí i, tí èyí tó ń dá padà ń dín kù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà ògiri. Ìyeyè àti àwọ̀ aró di àwọ̀ ewé. Pupa àti ìyeyè di àwọ̀ ọsàn. Ṣùgbọ́n ẹ má da gbogbo rẹ̀ pọ̀ o! Àwa ti dán an wò. Nígbà tí à ń kun yàrá ìkàwé wa, ọ̀dà díẹ̀ díẹ̀ kù nísàlẹ̀ agolo mẹ́rin, a kò sì fẹ́ kí ó ṣòfò. A rò pé àwọ̀ mẹ́rin tó dára yóò bí ọ̀kan tó dára jù wọ́n lọ. Ohun tó jáde dà bí ẹrẹ̀ ojú títì. Ògiri ẹ̀yìn la fi kùn, ó wà níbẹ̀ di òní.

Ìmọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi iná kún iná, ńṣe ló ń mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì méjì sí ògiri funfun lálẹ́. Ẹ fi ọ̀rá pupa bo ojú ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀rá aláwọ̀ ewé bo ojú èkejì. Ibi tí iná méjèèjì bá ti pàdé yóò di ìyeyè. Kò sí bí ẹ ṣe lè po ọ̀dà pupa mọ́ ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí ẹ ó fi rí ìyeyè yẹn.

Tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, dúdú àti funfun ni. Ti ayé ìsinsìnyí tó ní gbogbo àwọ̀, iná kéékèèké oríṣi mẹ́ta ló ń lò: pupa, àwọ̀ ewé, àti àwọ̀ aró. Fóònù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kán omi kín-ún sójú fóònù níbi tó funfun, kí ẹ wo inú ẹ̀kán omi náà dáadáa, ẹ ó rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. (Ẹ̀kán kan ṣoṣo la wí o. A kò ní kí ẹ fọ fóònù.)

Òfì ní ọ̀nà tirẹ̀. Òwú dúdú àti òwú funfun kì í yọ́ mọ́ ara wọn, olúkúlùkù wà ní àyè rẹ̀. Ojú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè ló ń pò wọ́n. Ẹ wo ẹtù, aṣọ aró tó ṣú, tó ní ìlà funfun tín-ín-rín. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn, ẹ lè ka ìlà náà. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá wà ní òdìkejì ọjà, ẹ kò ní rí ìlà mọ́. Ńṣe ni aṣọ náà yóò dà bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Sányán ní tirẹ̀ kò dé ìdí aró rí. Àwọ̀ tí kòkòrò tó pèsè okùn rẹ̀ fún un náà ló ń lò.

Bàbá ahunṣọ tí a gbé òwú wa fún ló kó wa yọ. Ó tẹ́ méjèèjì sórí itan, ó wò wọ́n títí. Ó ní, "Ìyá, ẹ má sunkún mọ́. Bí mo bá hun wọ́n ní tín-ín-rín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn yóò pò mọ́ra lójú, aṣọ náà yóò dà bí èyí tó ti ṣá. Ẹ jẹ́ kí n fi pupa ṣe ilẹ̀ aṣọ, kí n fi elésè àlùkò ṣe ìlà fífẹ̀, kí n sì fi òwú funfun pààlà fún wọn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é. Lọ́jọ́ ìwé-ẹ̀rí, àwọn àlejò ń béèrè ẹni tó bá wọn yan àwọ̀ náà. Ìyá àgbà náà wo ojú wa, ó rẹ́rìn-ín. A kò dáhùn.

Fún kíláàsì tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ègé aṣọ méjì tó jọ ara wọn wá. A ó wò wọ́n lábẹ́ àtùpà, a ó sì ṣa wọ́n pa mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí á tún wò wọ́n nínú oòrùn. Kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé yín, ìlà márùn-ún, ó kéré tán.